Bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ tó ń wú tó ń súnkì ka ìtàn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa láti Abẹ́òkúta

Ìràwọ̀ kan wà lápá gúúsù ìràwọ̀ Altair tó ń jẹ́ Eta Aquilae. Ojú lásán rí i. Bó bá dé ibi tó ga jù lójú ọ̀run Abẹ́òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè àtàrí gan-an, nǹkan bíi digírì 84 sí ẹsẹ̀ ọ̀run. Láàárín ọjọ́ 7, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 15, á mọ́lẹ̀ dé góńgó, á rẹlẹ̀, á sì tún gòkè padà. Edward Pigott, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1784, ìràwọ̀ náà kò sì tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà.

Irú ìràwọ̀ báyìí la ó fi ṣiṣẹ́ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ojú, ìwé àti báírò la ó fi bẹ̀rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà la ó parí ẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: àkókò ni kẹ́ ẹ gbára lé ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Eruku a máa jẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ọyẹ́ a máa bò ó, ojú a sì máa tan ènìyàn. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ fi ń mí, eruku kò lè fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń mú wọn mí

Ẹ wo ìkòkò tó ń hó lórí ààrò tòun ti ọmọrí rẹ̀. Ooru á kó jọ sábẹ́ ọmọrí títí yóò fi gbé e sókè. Bó bá ti ráyè jáde, ọmọrí á balẹ̀, ooru á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Nínú àwọn ìràwọ̀ yìí, gáàsì helium ló ń ṣe iṣẹ́ ọmọrí. Nígbà tí ìràwọ̀ bá súnkì, helium tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ á gbóná sí i, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á já kúrò lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní í lè gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ooru tó ń bọ̀ láti inú á há, á ti awọ náà sóde, ìràwọ̀ á wú. Bó ti ń wú ló ń tutù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á padà sáyè wọn, ooru á rí ọ̀nà jáde, òòfà (gravity) á sì fa ìràwọ̀ padà sínú.

Bí ohùn ìyá ìlù ti wúwo ju ti omele lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìmí ìràwọ̀ ńlá ń pẹ́ ju ti kékeré lọ. Henrietta Leavitt, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn. Ní 1912, ó to ìràwọ̀ 25 tó wà nínú Small Magellanic Cloud, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) kékeré tó wà nítòsí tiwa, Milky Way. Nítorí pé ibì kan náà ni gbogbo wọn wà, èyí tó mọ́lẹ̀ jù lójú wa ló mọ́lẹ̀ jù lóòótọ́. Ó rí i pé bí ìmí bá ṣe gùn tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ka ọjọ́, ẹ ti mọ agbára iná náà. Ẹ fi wé bó ṣe rí lójú yín, ẹ ti mọ bó ṣe jìnnà tó. (Ẹ má fi alẹ́ yín ṣòfò lé Small Magellanic Cloud fúnra rẹ̀ ní Abẹ́òkúta: kì í ga ju digírì 10 lọ, igi àti òrùlé ti bò ó.)

Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì jù. Cepheid jẹ́ ìràwọ̀ ńlá tí kò tíì pẹ́ láyé, ìmí rẹ̀ sì máa ń gba ọjọ́ kan títí dé bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. RR Lyrae ni àgbà: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti lé ní bílíọ̀nù ọdún 10, ìmí wọn kì í sì í pé ọjọ́ kan. Mira, tí ìmí tirẹ̀ jẹ́ bíi ọjọ́ 332, ní ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ ó gba sùúrù ọdún púpọ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi àti ìgbà

November ló dára jù, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run. Eta Aquilae á wà lápá ìwọ̀-oòrùn ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú. Tó bá fi máa di December, ó ti ń yára wọ̀. Ẹ bọ́ sórí Zeta Geminorum nígbà náà. Ìmí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10.15, ẹ ó sì lè máa wò ó títí di April. Delta Cephei, tí gbogbo ìdílé Cepheid ti gba orúkọ, ń mí ní ọjọ́ 5.37. Ojú wa rí i ní àríwá, ṣùgbọ́n kì í ga ju digírì 39 lọ níbí.

Iná Pánṣẹ́kẹ́ àti Sàpón kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju magnitude 4 (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀) lọ dáadáa. Ẹni tó bá lè dé ọ̀nà Àlàbàtà tàbí Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀. Àárín ìlú náà ṣeé lò bí ẹ bá rí àgbàlá tí ògiri ti dí iná ojú títì, pàápàá lálẹ́ tí kò bá sí iná ní àdúgbò. Ẹ fún ojú ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 nínú òkùnkùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi náílọ̀n pupa we orí tọ́ọ̀ṣì ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì tan fóònù. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lójú fóònù ti ba òkùnkùn ojú yín jẹ́.

Bí a ṣe ń wọn Eta Aquilae

Ẹ kọ́kọ́ wá Altair, ìràwọ̀ funfun tó mọ́lẹ̀ tí kékeré méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ ẹ bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, èyí tó wà lápá òsì Altair ni Beta Aquilae. Ẹ bá ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sápá òsì. Bẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síwájú gbọọrọ tẹ́ ẹ di ìkúùkù, ìbú ìkúùkù náà jẹ́ bíi digírì 10. Ibi tí kò tó ìkúùkù kan sí Altair ni Eta wà.

Nínú magnitude, nọ́ńbà kékeré ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Eta ń lọ láàárín 3.5 àti 4.4. Àwọn tẹ́ ẹ ó fi wé e nìyí: Theta Aquilae 3.2, Delta 3.4, Beta 3.7, Iota 4.4. Ẹ wá ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ ju Eta lọ àti ọ̀kan tí kò tó o, kẹ́ ẹ wá béèrè ibi tí Eta bọ́ sí láàárín àwọn méjèèjì. Ká ní ó wà láàárín Beta àti Iota, tó sì jọ pé ó ti rin ìdá mẹ́ta ọ̀nà láti Beta. Àlàfo wọn jẹ́ 0.7, ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 0.23, 3.7 àti 0.23 jẹ́ 3.9. Ìlà ìwé yín á rí báyìí:

14/11, 20:05, Eta 3.9, Beta àti Iota, ọyẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ má wo ìlà àná kẹ́ ẹ tó kọ tòní. Ojú tó ti mọ ohun tó ń retí á rí i dandan. Ẹ má sì tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́; bẹ́ ẹ ṣe ń tẹjú mọ́ ọn ló ń dà bíi pé ó ń mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ wò ó wìrì, ẹ kúrò, ẹ padà.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tó tóbi jù. Ìràwọ̀ tó wà ní digírì 30 ń la afẹ́fẹ́ tó jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà lókè orí kọjá. Bẹ́ ẹ bá fi ìràwọ̀ tó ti ń wọ̀ wé èyí tó ṣì ga, eruku ilẹ̀ lẹ ń wọ̀n. Ẹ lo èyí tí ìga rẹ̀ bá ti Eta dọ́gba tàbí tó sún mọ́ ọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju digírì 10 lọ tí ọyẹ́ sì wà, ẹ fi alẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ọgbọ̀n alẹ́ á fún yín ní bí ìmí mẹ́rin. Ojú tó ti mọ iṣẹ́ kì í ṣìnà ju 0.1 sí 0.2 lọ.

Kíká ìmí lé ara wọn

Ẹ kọ gbogbo àkókò ní aago àgbáyé, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago wa. Ẹ sì fi Julian Date, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń ka ọjọ́ lọ láìdúró, ka ọjọ́, kí oṣù má baà da ìṣirò rú: aago méjìlá òru ọjọ́ kìíní January 2026, ní aago àgbáyé, jẹ́ 2461041.5. Ẹ yọ ọjọ́ tí ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ jù kúrò nínú ọjọ́ tẹ́ ẹ wò ó, ẹ pín in pẹ̀lú 7.177, ẹ ju odindi nù, ẹ mú ìyókù. Bí ọjọ́ 23 bá ti kọjá, 23 ÷ 7.177 jẹ́ 3.20, ipò rẹ̀ jẹ́ 0.20. Ẹ fi ipò sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ fi magnitude sí ẹ̀gbẹ́, kí nọ́ńbà kékeré wà lókè.

Bí iṣẹ́ bá dára, àmì tó fọ́n káàkiri á tò sórí ìlà kan: ó ń yára gòkè, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀, kókó kékeré kan sì wà lójú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Kókó yẹn kì í ṣe àṣìṣe yín. Cepheid tí ìmí wọn sún mọ́ ọjọ́ 7 ń ní in.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí 7.177 fúnra yín láìgbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ mú góńgó méjì tó jìnnà síra. Ká ní ẹ ṣi àkókò góńgó kan mú pẹ̀lú wákàtí 7. Bí ìmí 50 bá wà láàárín méjèèjì, bí ọdún kan nìyẹn, ẹ ó pín àṣìṣe náà sí 50, yóò sì ku ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀. Ojú lásán ló ṣe èyí. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè wọn ìmọ́lẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ dé ọ̀nà jíjìn, àti eruku tó wà láàárín

Òfin tí a ó lò fún Cepheid nìyí, níbi tí P jẹ́ ọjọ́ ìmí, tí M sì jẹ́ magnitude rẹ̀ gan-an bó bá wà ní pásẹ́ẹ̀kì 10 sí wa (pásẹ́ẹ̀kì kan jẹ́ bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26):

M = −2.43 × (log P − 1) − 4.05

Log 7.177 jẹ́ 0.856, nítorí náà M jẹ́ −3.70. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ju ti oòrùn lọ ní bí ìlọ́po 2,600. Àárín magnitude tó ń hàn sí wa jẹ́ 3.90. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 7.60. Ẹ fi 5 kún un, ẹ pín in sí 5, ó di 2.52, 10 ní agbára 2.52 jẹ́ pásẹ́ẹ̀kì 331, ìyẹn ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,080.

Nọ́ńbà yìí kò tọ̀nà, ẹ má sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Eruku wà láàárín àwọn ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ọyẹ́. Ó ń gba búlúù lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ ju pupa lọ, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń pọ́n. Nítorí náà wọ́n á wọn bí ìràwọ̀ ṣe pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.1 láti mọ iye magnitude tí eruku ti jẹ. Fún Eta Aquilae, pípọ́n náà jẹ́ nǹkan bíi 0.14, eruku ti jẹ 0.43. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 7.60, ó di 7.17, ọ̀nà sì di pásẹ́ẹ̀kì 272, bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 890. Ìdá kan nínú mẹ́fà ọ̀nà ti lọ, lórí ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa. Fún èyí tó wà lápá àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, àṣìṣe náà lè sọ pápá di igbó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìtàn, ẹ kọ́kọ́ yanjú eruku.

Ọjọ́ ìmí tún ń sọ ọjọ́ orí. Fún Cepheid tí ìwọ̀n irin inú wọn dà bíi ti oòrùn:

log ọjọ́ orí = 8.31 − 0.67 × log P

Eta Aquilae á jẹ́ bíi mílíọ̀nù ọdún 55. Àpáta Olúmọ dàgbà jù ú lọ, ó kéré tán, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Cepheid tí ìmí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 35, bíi l Carinae lápá gúúsù, kò tíì tó mílíọ̀nù ọdún 20. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni Cepheid lè sọ: ibi tí wọ́n bí ìràwọ̀ sí àti bí apá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ṣe tò. Ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ lọ bi àgbà.

Àwọn àgbà: RR Lyrae

Williamina Fleming, onímọ̀ ìràwọ̀, ló rí ìràwọ̀ RR Lyrae gan-an, tí ìdílé yìí ti gba orúkọ. Ó wà láàárín magnitude 7.1 àti 8.1, bainọkúlà 10×50 tó fún un. Ìmí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 0.567, ìyẹn wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 36, ó sì ga tó digírì 54 ní Abẹ́òkúta. October ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí ojú ọ̀run bá gbà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ nìkan lójoojúmọ́, ìṣirò lè sọ fún yín pé ìmí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 1.309 tàbí 0.362, àwòrán rẹ̀ á sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé. Ìlù ayé, wákàtí 24, ti wọ inú ìlù ìràwọ̀ ni. Ẹ wò ó ní aago méje àbọ̀ lónìí, ní aago mẹ́wàá lọ́la, kẹ́ ẹ sì yan alẹ́ kan tẹ́ ẹ ó wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí mẹ́ta. Alẹ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ á lé irọ́ náà lọ. Bí góńgó rẹ̀ bá sì ń ga sí i tàbí tó ń rẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: ìràwọ̀ yìí ní ìyípadà kejì tó ń gba bí ogójì ọjọ́.

Ìdí tí RR Lyrae fi wúlò ni pé ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìwọ̀n irin inú wọn nìkan ló ń yí i díẹ̀. Ẹ rántí àdìrẹ ní Ìtòkú: aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan á jẹ́ àyìnrín, èyí tí wọ́n rì léraléra á dúdú. Gáàsì tí ìràwọ̀ ti ń wá náà, gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ ńlá bá bú nínú rẹ̀ ni irin rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àyìnrín ni RR Lyrae. Aró kò tíì pọ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn.

Gaia: ìràwọ̀ 270,905

Ọkọ̀ òfuurufú Gaia, tí wọ́n fi wọn ipò àwọn ìràwọ̀, gbéra ní December 2013. Nínú dátà rẹ̀ kẹta, tó jáde ní June 2022, RR Lyrae 270,905 ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé ní gea.esac.esa.int/archive. Ẹ ṣí apá ADQL, èdè tí a fi ń bi dátà náà ní ìbéèrè, ẹ kọ èyí:

SELECT TOP 5000 r.source_id, r.pf, r.int_average_g, r.metallicity, r.g_absorption, s.l, s.b, s.pmra, s.pmdec
FROM gaiadr3.vari_rrlyrae AS r
JOIN gaiadr3.gaia_source AS s ON r.source_id = s.source_id
WHERE r.best_classification = 'RRab' AND r.metallicity IS NOT NULL AND abs(s.b) > 30
ORDER BY s.random_index

Ìlà tó kẹ́yìn ṣe kókó: láìsí i, apá kan ojú ọ̀run lè pọ̀ ju èkejì lọ nínú ohun tẹ́ ẹ ó gbà. Nínú oríṣi RR Lyrae, RRab la yàn nítorí pé oríṣi kejì, RRc, ń jọ ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn lójú, wọ́n sì máa ń dàpọ̀. Ẹ yẹra fún digírì 30 sókè àti sílẹ̀ ìlà àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa nítorí eruku. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní CSV. Kò ní í tó mẹ́gábáìtì méjì.

Nínú Excel tàbí TOPCAT (ètò kọ̀ǹpútà fún àtẹ ìràwọ̀), M = 0.32 × ìwọ̀n irin (òpó metallicity) + 1.11. Bí ìwọ̀n irin bá jẹ́ −1.5, M jẹ́ 0.63, bí magnitude tó ń hàn bá jẹ́ 15.63, ìràwọ̀ náà wà ní kilopásẹ́ẹ̀kì 10 (pásẹ́ẹ̀kì 10,000), ọdún ìmọ́lẹ̀ 32,600. Ẹ yọ g_absorption, iye tí eruku ti jẹ, kúrò kẹ́ ẹ tó ṣírò. Ibi tí òpó náà bá ṣófo, Excel á kà á sí òdo, ìràwọ̀ á sì jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, 0.1 tó bá sọnù jẹ́ bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n irin ìràwọ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé. Ti ẹgbẹ̀rún pọ̀, ó ṣeé gbára lé.

Lẹ́yìn náà, tí d bá jẹ́ ọ̀nà ní kilopásẹ́ẹ̀kì, tí l àti b sì jẹ́ ipò ìràwọ̀ ní digírì (l yí ìlà àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ká, b sókè tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀):

X = d × cos b × cos l − 8.2
Y = d × cos b × sin l
Z = d × sin b

8.2 ni ọ̀nà àwa sí àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Excel kì í ka digírì nínú COS. Ẹ fi RADIANS sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ á fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. TOPCAT ní cosDeg fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má fi òpó parallax (bí ìràwọ̀ ṣe ń yẹ̀ díẹ̀ lójú wa bí ayé ṣe ń yí oòrùn po) ṣírò ọ̀nà fún àwọn tó jìnnà. Ní magnitude 17, àṣìṣe parallax ti tó 0.07 milliarcsecond, bẹ́ẹ̀ RR Lyrae tó wà níbẹ̀ ní parallax 0.05 péré. Òmíràn á tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà òdì.

Ẹ ó rí òkìtì ńlá méjì, ọ̀kan ní bíi kilopásẹ́ẹ̀kì 50, èkejì ní bíi 62. Ìyẹn kì í ṣe tiwa: Magellanic Cloud ńlá àti kékeré ni. Ẹ yọ ìràwọ̀ tó wà nítòsí l 280, b −33 àti l 303, b −44 kúrò. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù lójú ọ̀run, ẹ fi sílẹ̀, òótọ́ ni. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti Sagittarius, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n rí ní 1994, tí tiwa ń fà ya díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí àwòrán ń sọ

Ní 1918, onímọ̀ ìràwọ̀ Harlow Shapley lo agbo ìràwọ̀ (globular cluster) àti àwọn ìràwọ̀ tó ń mí nínú wọn láti fi hàn pé oòrùn wa kò sí láàárín. Òun kò mọ iye eruku, ìyẹn ló mú kó sọ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa di ńlá jù. Ibi tó nawọ́ sí tọ̀nà síbẹ̀. Ẹ̀yin náà á rí i nínú 5,000 tẹ́ ẹ gbà: RR Lyrae yín á pọ̀ síbi X òdo, wọn kò ní í pọ̀ yí wa ká.

Láti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹ fi 4.74 ṣe ìlọ́po pmra tàbí pmdec (bí ìràwọ̀ ṣe ń sún lójú ọ̀run lọ́dọọdún), ẹ sì fi d ṣe ìlọ́po rẹ̀; kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa jáde. Bí pmra bá jẹ́ 5 ní kilopásẹ́ẹ̀kì 10, ó jẹ́ 237. Ìrìn oòrùn fúnra rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ní 2018, irú ìṣirò báyìí lórí dátà Gaia fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ àgbà tó yí wa ká kò yípo bí oòrùn: ṣe ni wọ́n ń já wọ àárín, tí wọ́n tún ń jáde. Àlejò ni wọ́n, láti inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí tiwa gbé mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 8 sí 11 sẹ́yìn. Gaia-Enceladus lorúkọ tí wọ́n fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún ìbéèrè náà kọ pẹ̀lú gaiadr3.vari_cepheid, ẹ yan type_best_classification = 'DCEP' (ojúlówó Cepheid), ẹ yọ abs(s.b) kúrò nítorí inú àwo tẹ́ẹ́rẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ni Cepheid ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí T2CEP wọlé: àgbà tó ń dọ́gbọ́n jọ ọ̀dọ́ ni wọ́n, ìmọ́lẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ní bí magnitude 1.5, ọ̀nà wọn á sì di ìlọ́po méjì. Àdàlù yìí ló jẹ́ kí wọ́n fi Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá mìíràn, sí ìdajì ọ̀nà rẹ̀ títí onímọ̀ ìràwọ̀ Walter Baade fi tú u ní 1952. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ará Poland fi Cepheid 2,431 ya irú àwòrán yìí. Bẹ́ ẹ bá kun àmì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí Z rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí wọ́n rí: etí àwo náà kò tẹ́jú, ó gbé sókè lápá kan, ó sì tẹ̀ sílẹ̀ lápá kejì.